Alexander Graham Bell àti Wáyà Tí Ń Sọ̀rọ̀

Ní ayé àtijọ́, bí ènìyàn bá fẹ́ bá ará ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀, àfi kí ó rán ọmọ níṣẹ́, kí ó di àrokò, tàbí kí ó jẹ́ kí onílù fi ìlù sọ ọ́. Nígbà tí àwọn òyìnbó hùmọ̀ tẹligíráàfù, ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí wáyà láti ìlú dé ìlú láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìró pàkà-pàkà lásán ni wáyà náà ń gbé, ẹni tí ó bá sì kọ́ àmì rẹ̀ nìkan ni ó lè túmọ̀ rẹ̀. Ohùn ènìyàn fúnra rẹ̀, tòun ti ẹ̀rín, ìbínú àti ìkẹ́dùn tí ń bẹ nínú rẹ̀, kò lè rékọjá ibi tí etí lè gbọ́ ọ dé. Nínú àwọn tí ó wá ọ̀nà láti já ìdè yìí, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ni Alexander Graham Bell. Kì í ṣe ọmọ alágbẹ̀dẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná nílé ẹ̀kọ́ kankan. Olùkọ́ àwọn adití ni.

Ìlú Edinburgh ní ilẹ̀ Skọ́tílándì ni a ti bí i ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1847. Alexander nìkan ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Nígbà tí ó rí i pé àwọn arákùnrin rẹ̀ méjèèjì ní orúkọ kejì, ó bẹ baba rẹ̀ kí ó fún òun náà ní ọ̀kan, ní ọjọ́ tí ó sì pé ọmọ ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi Graham kún un. Ọ̀rọ̀ sísọ ni iṣẹ́ ìdílé wọn. Baba baba rẹ̀ ń kọ́ àwọn ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù bí a ti í pe ọ̀rọ̀ já gaara, baba rẹ̀ sì ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní Edinburgh. Baba rẹ̀ yìí hùmọ̀ irú ìkọ̀wé kan tí ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1867. Àmì kọ̀ọ̀kan nínú ìkọ̀wé náà ń fi hàn bí ahọ́n, ètè àti ọ̀fun ti gbọ́dọ̀ wà kí ìró kan tó jáde, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò gbọ́ ìró náà rí lè fi ojú wò ó kí ó sì pè é.

Ìyá rẹ̀, Eliza, kò gbọ́rọ̀ dáadáa, síbẹ̀ ó mọ dùùrù tẹ̀. Ìwo kan ni ó máa ń fi sí etí kí àwọn ènìyàn tó pariwo sínú rẹ̀. Alexander kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Ó máa ń gbé ẹnu súnmọ́ iwájú orí ìyá rẹ̀, a sì fi ohùn jẹ́jẹ́ tí ó nípọn bá a sọ̀rọ̀, kí ìyá náà lè mọ ọ̀rọ̀ lára nípa bí ohùn ti ń gbọ̀n. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: láti kékeré ni ọmọ yìí ti mọ̀ pé ohùn kì í ṣe ohun òfìfo, pé ìgbọ̀nrìrì tí ó ní ìrísí tirẹ̀ ni, àti pé ọ̀nà mìíràn wà tí ó lè gbà wọlé yàtọ̀ sí etí.

Ó fi ọgbọ́n ọwọ́ hàn láti ìgbà èwe. Nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún méjìlá, ó ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí ń bó èèpo àlìkámà fún baba ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó ní ilé ìlọkà. Lẹ́yìn èyí, baba rẹ̀ pe òun àti Melville ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níjà láti ṣe orí àtọwọ́dá tí yóò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣe ọ̀fun, ètè àti ahọ́n sí i, wọ́n sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, títí orí náà fi ké pe ìyá rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ó jẹ́ tí ó ti di olùkọ́ ní ilé-ìwé kan ní ìlú Elgin, tí àwọn mìíràn nínú àwọn tí ó ń kọ́ sì dàgbà jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ kò jẹ́ kí ilé náà simi. Ikọ́ ife pa Edward àbúrò rẹ̀ ní ọdún 1867. Ní ọdún 1870, àìsàn kan náà pa Melville. Ọmọkùnrin mẹ́ta ni àwọn òbí wọ̀nyí bí. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó kù, ara òun náà kò sì le. Baba rẹ̀ fi iṣẹ́ àti orúkọ rere tí ó ní sílẹ̀, ó kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sọdá òkun lọ sí ilẹ̀ Kánádà ní ọdún 1870 kan náà, wọ́n sì tẹ̀ dó sí ẹ̀bá ìlú Brantford ní ẹkùn Ontario. Níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tútù ti mú ara ọmọ náà yá.

Ní ọdún 1871, Bell lọ sí ìlú Boston ní Amẹ́ríkà láti máa fi ìkọ̀wé baba rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n ya adití bí wọn yóò ti sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ náà yẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Yunifásítì Boston fi sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ohùn ní ọdún 1873. Lára àwọn tí ó ń kọ́ ni ọmọdékùnrin kan, George Sanders, tí baba rẹ̀ jẹ́ oníṣòwò awọ, àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Mabel Hubbard, tí àìsàn ibà pupa ti pa etí rẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Agbẹjọ́rò ni baba Mabel, Gardiner Greene Hubbard. Àwọn baba méjèèjì yìí ni ó wá ń ná owó sí ìwádìí Bell.

Ohun tí àwọn olówó yìí ń retí kì í ṣe tẹlifóònù. Ní ayé ìgbà náà, wáyà tẹligíráàfù kò tó iṣẹ́ tí wọ́n ń rán gba orí rẹ̀, ẹni tí ó bá sì lè mú kí wáyà kan gbé ìròyìn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà yóò di ọlọ́rọ̀. Èrò Bell ni pé bí ìró kọ̀ọ̀kan bá ní ohùn tirẹ̀, èkíní lókè, èkejì nísàlẹ̀, gbogbo wọn lè gba orí wáyà kan láìdàrú. Ọ̀sán ni ó fi ń kọ́ àwọn adití, òru ni ó fi ń ṣe ìwádìí. Nínú ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1874, nígbà tí ó wà lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Brantford, èrò tí ó tóbi ju èyí lọ sọ sí i lọ́kàn. Ó ti ń fi etí òkú ènìyàn tí dókítà kan fún un ṣe àyẹ̀wò. Ó rí i bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú etí ti ń mi egungun tí ó wúwo jù ú lọ. Ó wá bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ó dé tí awọ tí ó nípọn jù bẹ́ẹ̀ kò fi ní lè mi irin, kí irin náà sì mi agbára iná nínú wáyà.

Ẹni tí ó mọ ìlù yóò tètè lóye èrò yìí. Tẹligíráàfù dà bí agogo: a lu ú, ó dún, a dákẹ́, ó dákẹ́, kò sí ohun mìíràn láàrin. Ohun tí Bell ń fẹ́ dà bí ìlù dùndún. Bí onílù ti ń fún ọṣán, tí ó sì ń tú u sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohùn ìlù ń gòkè tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ láìjá. Bell fẹ́ kí agbára iná inú wáyà máa lọ sókè sódò gẹ́gẹ́ bí ohùn ti ń ṣe nínú afẹ́fẹ́ gan-an, kí ó má sì gé rárá. Ní oṣù kẹta ọdún 1875, ó gbé èrò rẹ̀ tọ Joseph Henry lọ ní Washington, àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Ó jẹ́wọ́ fún un pé òun kò ní ìmọ̀ iná mànàmáná tí ó tó láti parí iṣẹ́ náà. Henry kò ṣàánú rẹ̀, kò sì mú un láìlókun. Ó kàn sọ fún un pé kí ó lọ kọ́ ọ.

Ọlọ́run sì fún un ní olùrànlọ́wọ́. Thomas Watson, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ohun èlò iná kan ní Boston, ní ọwọ́ tí ó lè ṣe ohunkóhun tí Bell bá rò. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 1875, àwọn méjèèjì wà nínú yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wáyà sì so ẹ̀rọ wọn pọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn irin pẹlẹbẹ tí ó wà lọ́dọ̀ Watson lẹ̀ mọ́ra, ó sì fi ìka ta á kí ó lè já. Ẹ̀rọ tí ó wà lọ́dọ̀ Bell dún. Kì í ṣe pàkà ni ó dún. Ìró irin náà gan-an ni, tòun ti gbogbo ìgbọ̀nrìrì rẹ̀. Etí mìíràn ìbá gbọ́ ọ kí ó má sì fi ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n etí ẹni tí ó ti lo ayé rẹ̀ nídìí ohùn ni ó gbọ́ ọ. Bell sáré wọlé lọ bá Watson, ó ní kí ó má fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ó tún ṣe ohun tí ó ṣe.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 1876, àwọn agbẹjọ́rò Bell gbé ìwé rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Washington, níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn tí ó hùmọ̀ ohun titun ní ìwé àṣẹ kí ẹlòmíràn má baà jí iṣẹ́ wọn. Ní ọjọ́ kan náà gan-an, agbẹjọ́rò Elisha Gray, onímọ̀ iná mànàmáná mìíràn, mú ìwé ìkìlọ̀ wá pé Gray náà ń ṣe ẹ̀rọ tí yóò gbé ohùn ènìyàn. Ìjọba fún Bell ní ìwé àṣẹ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 174,465 ní ọjọ́ 7 oṣù kẹta. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 10, ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ tí ó yé ni fún ìgbà àkọ́kọ́. Bell lo abẹ́rẹ́ kan tí ń mì nínú omi tí wọ́n bu ásíìdì sí. Ó pe Watson pé kí ó wá, Watson sì gbọ́ ọ ketekete nínú yàrá kejì, ó sì wá. Nítorí pé irú ẹ̀rọ olómi báyìí wà nínú ìwé Gray pẹ̀lú, àríyànjiyàn lórí ẹni tí ó ṣáájú kò tíì tán láàrin àwọn onítàn títí di òní.

Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ìpàtẹ ńlá kan ń lọ lọ́wọ́ ní Philadelphia. Bell kò fẹ́ lọ, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ìdánwò. Mabel, tí ó ti di àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ni ó tì í wọ ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n ní bí ó ti ń ṣàwáwí ni Mabel yí ojú kúrò lára ètè rẹ̀, kò sì gbọ́ ohun tí ó ń wí mọ́. Ní ọjọ́ 25, Dom Pedro Kejì, ọba ilẹ̀ Bùràsíìlì, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá ti wà ní oko ẹrú nígbà náà, gbé ẹ̀rọ náà sí etí. Ẹnu yà á nígbà tí ó gbọ́ ohùn Bell láti òkèèrè. Láti ọjọ́ náà ni ayé ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka olùkọ́ àwọn adití yìí sí.

Ní oṣù keje ọdún 1877, wọ́n dá Ilé-iṣẹ́ Tẹlifóònù Bell sílẹ̀; ní ọjọ́ 11 oṣù náà ni Bell gbé Mabel níyàwó. Ìpín mẹ́wàá péré ni ó fi sílẹ̀ fún ara rẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ náà. Gbogbo èyí tí ó kù, tí ó lé ní 1,400, ni ó fi ta ìyàwó rẹ̀ lọ́rẹ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1878, wọ́n ṣí ibùdó ìsopọ̀ kan ní ìlú New Haven fún oníbàárà 21, níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń fi ọwọ́ so wáyà ẹnì kan mọ́ ti ẹlòmíràn.

Bí oyin bá ti dùn, kòkòrò a máa yí i ká. Ilé-iṣẹ́ tẹligíráàfù tí ó tóbi jù lọ ní Amẹ́ríkà, Western Union, gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ jáde. Ó tó ọdún 1879 kí wọ́n tó parí ìjà. Nǹkan bí 600 ẹjọ́ ni ilé-iṣẹ́ Bell bá àwọn ènìyàn rò. Ní ọdún 1888, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dá Bell láre, ṣùgbọ́n adájọ́ mẹ́rin ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, mẹ́ta kò gbà. Ọkùnrin ará Ítálì kan, Antonio Meucci, ti mú ìwé ìkìlọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba lórí irú ẹ̀rọ yìí ní ọdún 1871, àìlówó ni kò sì jẹ́ kí ó lè sọ ọ́ dọ̀tun lẹ́yìn ọdún 1874. Ní ọdún 2002, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kékeré ti Amẹ́ríkà ṣe ìpinnu láti bọlá fún iṣẹ́ rẹ̀. Ìlú kan kì í ti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo kọ́, ẹ̀rọ ńlá náà kò sì í ti orí ẹnì kan ṣoṣo jáde.

Bell kò jókòó ti owó rẹ̀. Ní ọdún 1880, ilẹ̀ Faransé fún un ní ẹ̀bùn Volta, tí í ṣe 50,000 fáránkì, ó sì fi í dá ilé ìwádìí sílẹ̀ ní Washington. Ní ọdún náà, òun àti Charles Sumner Tainter fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn gbé ohùn kọjá ní nǹkan bí 200 mítà láìlo wáyà. Bell gbà pé ìhùmọ̀ yìí ju tẹlifóònù lọ. Ayé ìgbà náà kò rí ìlò rẹ̀, ṣùgbọ́n lónìí okùn tí ń gbé ìmọ́lẹ̀ ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ jù lọ ọ̀rọ̀ ayé gba abẹ́ òkun.

Ọdún 1881 kò ṣàánú rẹ̀. Wọ́n yìnbọn lu James Garfield, olórí orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn dókítà kò sì rí ọta náà. Bell fi tọ̀sán-tòru ṣe ẹ̀rọ tí yóò fi ohùn tọ́ka ibi tí irin bá wà, ṣùgbọ́n kò rí ọta náà. A gbà pé irin tí ó wà nínú bẹ́ẹ̀dì aláìsàn náà dá kún ìṣìnà rẹ̀. Garfield kú ní oṣù kẹsàn-án. Ní oṣù kẹjọ tí ó ṣáájú, ìyàwó Bell bí ọmọkùnrin kan, Edward, tí kò lè mí dáadáa, tí ó sì kú ní ọjọ́ náà gan-an. Baba tí ń ṣọ̀fọ̀ yìí jókòó, ó ya àwòrán ẹ̀wù onírin kan tí yóò máa ràn ẹ̀dọ̀fóró lọ́wọ́ láti mí. Ọmọkùnrin rẹ̀ kejì, Robert, kú bákan náà ní ọdún 1883. Àwọn ọmọbìnrin méjì, Elsie àti Marian, ni ó yè fún un.

Títí dé òpin, olùkọ́ àwọn adití ni ó máa ń pe ara rẹ̀. Òun ni ó júwe ọ̀nà fún baba Helen Keller, ọmọ tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn, títí tí wọ́n fi rí olùkọ́ fún un. Helen fi ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1903 bu ọlá fún Bell. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ adití kò fi ojú rere wo ìrántí rẹ̀. Bell gbàgbọ́ pé ẹnu ni ó yẹ kí adití máa fi sọ̀rọ̀, kí ó sì máa wo ètè ẹlòmíràn. Ó ta ko fífi ọwọ́ sọ̀rọ̀ ní ilé-ìwé. Ó tilẹ̀ kọ̀wé ní ọdún 1883 pé ewu ń bẹ nínú kí adití máa fẹ́ adití. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, wọ́n so ọwọ́ èdè àwọn ọmọ náà kalẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, àwọn tí kò sì lè fi ẹnu sọ̀rọ̀ dáadáa di ẹni tí kò ní èdè kankan tí ó dá wọn lójú. Ìfẹ́ ni Bell fi ṣe é, nítorí ìyá rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kò bi olóhun léèrè ohun tí ó ń fẹ́ lè di àjàgà sí i lọ́rùn.

Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, ó ń gbé púpọ̀ nínú ọdún ní Baddeck, ní ẹkùn Nova Scotia ní Kánádà. Níbẹ̀ ni òun àti àwọn ọ̀dọ́ kan ti ṣe ọkọ̀ òfurufú. Ọ̀kan nínú wọn fò lórí yìnyín ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1909. Ní ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1915, nígbà tí wọ́n ṣí wáyà tí ó kọjá láti etí òkun kan Amẹ́ríkà dé èkejì, Bell wà ní New York, Watson wà ní San Francisco. Bell tún ìpè àtijọ́ náà pè, pé kí Watson wá. Watson dá a lóhùn pé ọ̀sẹ̀ kan ni yóò gba òun báyìí. Bell fúnra rẹ̀ kò gbà kí tẹlifóònù wọ yàrá ìwádìí rẹ̀, kí aago rẹ̀ má baà já èrò òun. Ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1922, ní ẹni ọdún 75. Ní àkókò tí wọ́n ń sìnkú rẹ̀, gbogbo tẹlifóònù ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti Kánádà dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan.

Wáyà bàbà méjì tí ń ti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù wọ ilé oníbàárà kò yí padà púpọ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Agbára iná tí ń lọ sókè sódò bí ohùn ni ó ń gbé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1937, ẹnjiníà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Alec Reeves, tí ń ṣiṣẹ́ ní Paris, rò ó pé ó dára kí a ka ohùn bí ẹni ń ka owó ẹyọ. Ní ìlànà tí ó gbilẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ ń wọn ohùn ní ìgbà 8,000 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan nínú nọ́ńbà 256. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, wọ́n ń di àwọn nọ́ńbà yìí ní ẹrù kéékèèké, lọ́pọ̀ ìgbà 160 nínú ẹrù kan, wọ́n sì ń kọ àdírẹ́sì sí ẹrù kọ̀ọ̀kan. Ẹrù àádọ́ta ni ó ń kọjá láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ tí ó wà ní òdì kejì a sì tú wọn padà di ohùn.

Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ni ó ń lo tẹlifóònù onínọ́ńbà báyìí, tí wọn kò sì fẹ́ pàdánù wáyà àtijọ́ tí àwọn oníbàárà mọ̀. Àpótí kékeré kan ni ó ń ṣe ògbufọ̀ láàrin àwọn méjèèjì. Oríṣi ihò méjì ni ó wà lára irú àpótí bẹ́ẹ̀. Èkíní ń kọjú sí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù: òun ń dúró de iná, tí ó sábà máa ń jẹ́ vólítì 48, ó sì ń dúró de agbára tí ń mú aago dún. Èkejì ń kọjú sí tẹlifóònù àtijọ́ tí ó wà lórí tábìlì: òun fúnra rẹ̀ ni ó ń fún un ní iná, tí ó sì ń lu aago rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn yóò kábàámọ̀. Olùrà méjì kò lè dá ọjà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni olùtà méjì kò lè ṣe é. Bí olùfúnni méjì bá sì kọjú síra wọn lórí wáyà, ẹ̀rọ lè bàjẹ́.

Àpótí náà ní iṣẹ́ mìíràn. Lórí wáyà Bell, ohùn tí ń lọ àti èyí tí ń bọ̀ jọ ń rìn pọ̀ lórí wáyà méjì kan náà. Ní ọ̀nà titun, olúkúlùkù ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní ibi tí wọ́n ti pàdé, díẹ̀ nínú ohùn asọ̀rọ̀ a máa padà sí i létí bí gbohùngbohùn, àpótí sì gbọ́dọ̀ dá a mọ̀ kí ó yọ ọ́ kúrò. Ó tún gbọ́dọ̀ mọ àmì tí ń fi hàn pé ẹni tí ó pè ti gbé tẹlifóònù kalẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wáyà yóò wà ní dídì mú títí, ẹlòmíràn kò sì ní lè wọlé. Ohun kan sì ń bẹ tí wáyà àtijọ́ fi ju ti titun lọ: láti ilé-iṣẹ́ ni iná rẹ̀ ti ń wá, bí iná ilé bá sì kú, ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Tẹlifóònù onínọ́ńbà a máa kú pẹ̀lú iná, àfi bí bátìrì bá wà nídìí rẹ̀. Nítorí náà ni ọlọ́gbọ́n ọ́fíìsì ṣe ń fi wáyà àtijọ́ kan sílẹ̀, níbi tí ó bá ṣì wà, fún ọjọ́ iná àti ọjọ́ olè.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, láti ọdún 2001 tí tẹlifóònù alágbèéká ti gbilẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò fojú kan wáyà bàbà rí. Síbẹ̀ iṣẹ́ tí Bell bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ èso rẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá gbé fóònù sí etí. Mabel ìyàwó rẹ̀, tí ó tì í wọ ọkọ̀ lọ sí Philadelphia, kò fi etí gbọ́ ohùn kankan láti inú ẹ̀rọ náà títí ó fi kú ní ọdún 1923. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ń gbé nọ́ńbà lónìí kì í gbé ohùn nìkan. Ó ń gbé àwòrán tí ń rìn pẹ̀lú. Adití ní Ìbàdàn lè wo ojú adití ní Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n sì fi èdè ọwọ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Èdè tí Bell kò fẹ́ ni ó ń gba ojú ọ̀nà tí ó bá wọn là. Kí ọ̀dọ́ tí ó bá ka ìtàn yìí fi sùúrù àti akitiyan rẹ̀ ṣe àwòkọ́ṣe. Kí ó sì rántí pé ẹni tí a fẹ́ ràn lọ́wọ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè.